Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọkọ̀ Ojú Irin Òkè Furka Tí Wọ́n Pa Tì, Tó Sì Tún Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a mẹ́nu ba afárá kan ní orílẹ̀-èdè Switzerland tí wọ́n máa ń ká kúrò lójú ọ̀nà bí ìgbà òtútù bá ti ń wọlé, tí wọ́n sì máa ń tẹ́ padà bí òtútù bá lọ tán. Gbólóhùn kan péré ni a fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé ojú ìwé yìí kò lè gbà gbogbo wọn. Àwọn tó jinlẹ̀ jù ni a ṣà, a sì da àwọn tó jọ ara wọn pọ̀.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà ojú irin wo ni afárá yẹn wà lórí rẹ̀? Ta ló kọ́ ọ, kí sì ni wọ́n ń wá lórí òkè tó le tó bẹ́ẹ̀? (Olùkọ́ ìtàn kan)

Ọ̀nà ojú irin òkè Furka ni. Ó so Realp, tó wà ní ìpínlẹ̀ Uri, pọ̀ mọ́ Oberwald, tó wà ní ìpínlẹ̀ Valais, ó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 18. Kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n dá kọ́ lóun nìkan. Apá kan ni lára ọ̀nà gígùn tó gba àárín àwọn òkè Alps kọjá láti Brig títí dé Disentis. Ọdún 1910 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, owó àwọn ará Faransé ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìrètí wọn ni pé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin gun òkè náà tipẹ́ kí wọ́n lè wo yìnyín ńlá Rhône, yóò rọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin bí wọ́n bá rí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 1914, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Brig dé Gletsch, níbi tí yìnyín náà wà lókè orí ìlú. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn náà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi bẹ́ sílẹ̀. Owó tó ń wá láti Faransé gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ítálì, padà sílé wọn, nígbà tó sì di ọdún 1923, iléeṣẹ́ náà kógbá sílé pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Ihò abẹ́ òkè tó gùn ní mítà 1,874, tí wọ́n gbẹ́ sí ibi tó ga jù lójú ọ̀nà, wà níbẹ̀ láìsí ọkọ̀ kankan tó tíì gba inú rẹ̀ kọjá. Iléeṣẹ́ tuntun kan, Furka-Oberalp, ló gba iṣẹ́ náà ní ọdún 1925, ó sì parí rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1926.

Ibi tí afárá ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Steffenbach ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè nítòsí Realp, inú kòtò rẹ̀ sì ni òjò dídì tó bá ya láti òkè máa ń gbà wálẹ̀ nígbà òtútù. Afárá òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀. Òjò dídì gbé e lọ kí ọkọ̀ tó ń kérò tó débẹ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà wá gbà pé kò sí bí afárá ti lè le tó tí kò ní lọ bí ti àkọ́kọ́, àti pé ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ èyí tí kò ní sí níbẹ̀ rárá nígbà tí òjò dídì bá dé. Ní 1925, iléeṣẹ́ Bell tó wà ní Kriens rọ afárá irin kan tó gùn ní mítà 36, tó sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ á tú àwọn bóòtù rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ká okùn irin, apá tó wà lókè á fà sẹ́yìn sí etí kòtò tirẹ̀, apá àárín á sì rọ̀ wálẹ̀, á ká mọ́ abẹ́ apá tó wà nísàlẹ̀, títí tí kò fi ní sí ohunkóhun tó dábùú kòtò náà mọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Afárá yẹn kan náà, tí wọ́n rọ nígbà tí a kò tíì bí àwọn tó ń ká a lónìí, ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo jẹ́ mẹkáníìkì. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Báwo ni ọkọ̀ tó wúwo ṣe ń gun òkè bẹ́ẹ̀ tí kò yọ̀ padà sẹ́yìn, pàápàá bí òjò bá rọ̀? (Ẹnì kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe)

Lóòótọ́ ni. Ibi tó dagẹ̀rẹ́ jù lórí Furka, bí ọkọ̀ bá rin mítà 1,000 síwájú, yóò ti gòkè ju mítà 110 lọ, ẹ́ńjìnnì ìgbà náà kò sì lè fi ẹsẹ̀ irin lásán fa èrò gun irú ibẹ̀ láìyọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni ti Roman Abt, ọmọ Switzerland kan tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1882. Láàárín irin méjì tí ọkọ̀ ń tẹ̀, wọ́n tẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì eléyín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì tò wọ́n kí eyín ọ̀kan bọ́ sí ibi tí àlàfo èkejì wà. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ eléyín wà tí eyín rẹ̀ ń kì bọ inú àlàfo wọ̀nyí bí ẹni ń gun àkàbà. Nítorí pé eyín méjèèjì kò bọ́ sí ojú kan náà, kò sí ìgbà kankan tí ọkọ̀ kò ní di ohun kan mú. Bí ọ̀kan bá ń jáde, èkejì ti wà nínú.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni wọ́n tẹ́ irin eléyín sí, bí kò ṣe ibi tó dagẹ̀rẹ́ nìkan. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ ibẹ̀, awakọ̀ á dẹ eré sílẹ̀, nítorí pé orí irin eléyín náà wà lórí sípíríǹgì, ó sì ní láti rọra tẹ̀ síwá sẹ́yìn kí eyín tó bára mu. Ẹ ó fẹ́ràn ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì náà. Mẹ́wàá ni iléeṣẹ́ SLM ní Winterthur ṣe fún ọ̀nà yìí ní 1913 àti 1914, sílíńdà mẹ́rin ló sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wọ orí irin eléyín, ooru omi tó ti ti písítìnì méjì àkọ́kọ́ kò ní jáde lọ sójú ọ̀run. Inú sílíńdà méjì yòókù ni yóò gbà, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì máa yí ẹsẹ̀ eléyín. Ooru kan, iṣẹ́ méjì. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, písítìnì kan náà ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tó sì ń fún un pọ̀ kí ọkọ̀ má baà sáré, omi díẹ̀ á sì máa wọ ibẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má baà gbóná jù. Nípa bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi bíréèkì tó ń ha ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣòfò ní gbogbo ọ̀nà.

Bí wọ́n bá fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ ọ, kí ló dé tí wọ́n tún pa á tì?

Òjò dídì tó gbé afárá àkọ́kọ́ lọ náà ló pa á, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Láti ìgbà ìwọ́wé títí ìgbà ìrúwé fi máa ń parí, kò sí ọkọ̀ tó lè gba orí Furka kọjá. Nígbà tí wọ́n fa iná mànàmáná sí ọ̀nà Furka-Oberalp láàárín 1940 sí 1942, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wàhálà náà tún lé sí i, nítorí pé wáyà àti òpó iná di ohun tí wọ́n ní láti tú palẹ̀ lórí òkè ní ọdọọdún pẹ̀lú afárá, kí wọ́n sì tún gbé e dìde bí òtútù bá lọ. Ọkọ̀ olókìkí tí wọ́n ń pè ní Glacier Express, tó ti ń kó èrò láti Zermatt lọ sí St. Moritz láti ọdún 1930, kò lè rìn ju ìgbà ooru lọ. Àwọn ará Valais àti Uri tí wọ́n fẹ́ kọjá nígbà òtútù kò rí ọ̀nà.

Ihò tuntun ni ìjọba fi dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ní 1973, ó gùn tó kìlómítà 15.4, ó sì gba abẹ́ òkè lọ tààrà láti Oberwald sí Realp. Òkúta ibẹ̀ kò rọrùn, iye tó ná wọn sì ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ, débi pé ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ńlá nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 1982, ọkọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mọ́tò pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn ti gba orí òkè kọjá ní oṣù kẹwàá ọdún 1981.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa kọ̀wé bí ẹni pé ìwà ìkà ni wọ́n hù. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú oṣù kìíní kò nílò ọ̀nà tó rẹwà, ọ̀nà tó ṣí ló nílò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà àtijọ́ kò bá ìjọba jiyàn lórí èyí rárá. Wọn ò sọ pé ọ̀nà náà ṣì wúlò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí wọ́n má hú irin rẹ̀, àwọn yóò máa ṣe wàhálà rẹ̀ fúnra wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1983 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Verein Furka-Bergstrecke sílẹ̀, nígbà tó sì di 1985, wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa wa ọkọ̀ náà.

Mo gbọ́ pé Vietnam ni wọ́n ti lọ gbé ẹ́ńjìnnì wọn wá. Ṣé òótọ́ ni àbí ìtàn àwọn arìnrìn-àjò?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, òun sì ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Nígbà tí iná mànàmáná dé, ẹ́ńjìnnì olóoru omi kò níṣẹ́ mọ́ lórí Furka. Àwọn ará Faransé, tí wọ́n ń ṣàkóso Vietnam nígbà náà, ti kọ́ ọ̀nà ojú irin kan láti ìsàlẹ̀ nítòsí etíkun lọ sókè sí Da Lat, ìlú tútù tí wọ́n máa ń lọ fi sinmi lọ́wọ́ ooru. Ọ̀nà náà gùn ní kìlómítà 84, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1932. Irin eléyín ti Abt ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mítà kan gẹ́gẹ́ bí ti Furka. Kódà, Winterthur ni wọ́n ti ṣe àwọn kan lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń wá ẹ́ńjìnnì sí i ní 1947, mẹ́rin láti Furka, ìyẹn nọ́ḿbà 1, 2, 8 àti 9, ni wọ́n tà fún wọn. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì ń gun òkè mìíràn lábẹ́ oòrùn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní láti yí nǹkan kan padà lára eyín wọn.

Ogun dá ọ̀nà Da Lat dúró. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1975, wọ́n hú ọ̀pọ̀ irin rẹ̀ lọ tún ọ̀nà tó so àríwá Vietnam pọ̀ mọ́ gúúsù ṣe, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nílò ẹ́ńjìnnì eléyín níbòmíràn, wọ́n sì wà níbẹ̀, ìpẹtà ń jẹ wọ́n, koríko ń hù mọ́ wọn lára. Àwọn ará Furka gbọ́. Wọ́n bá ìjọba Vietnam dúnàá-dúrà, nígbà tó sì di ọdún 1990, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ohun tó kù lára wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọkọ̀ òkun sì gbé wọn padà sí Yúróòpù. Nọ́ḿbà 1 àti nọ́ḿbà 9 ni ara wọn ṣì le tó láti tún ṣe. Wọ́n kó wọn lọ sí iléeṣẹ́ tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Meiningen, ní Jámánì, nígbà tí wọ́n sì jáde níbẹ̀, wọ́n sọ ọ̀kan ní Furkahorn, wọ́n sọ èkejì ní Gletschhorn, orúkọ òkè méjì tó wà nítòsí ọ̀nà wọn. Wọ́n tún kó àwọn ẹ́ńjìnnì irú tí wọ́n ń pè ní HG 4/4, tó tóbi jù wọ́n lọ, bọ̀ láti Da Lat. Àwọn wọ̀nyí kò rin Furka rí láyé wọn, ó sì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ kí ọ̀kan nínú wọn tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Nọ́ḿbà 4 ní tirẹ̀ kò lọ sí ibì kankan. Iléeṣẹ́ Furka-Oberalp fi í pamọ́ fún ọjọ́ tí kò bá sí wáyà iná lókè.

Ta ló ń san owó gbogbo èyí? Kí ẹ má bínú, lójú tèmi, ìfowóṣòfò ni. (Oníṣirò owó kan)

A ò bínú. Owó ọkọ̀ tí èrò ń san, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, ṣíà tí àwọn olólùfẹ́ ọ̀nà náà rà láìretí èrè, àti ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ní láti sanwó fún gbogbo ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọn ì bá ti kógbá sílé tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ṣe. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló pọ̀ jù: àwọn olùkọ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń wá láti Switzerland, Jámánì, Netherlands àti ibòmíràn, tí wọ́n ń fi ìsinmi wọn kó òkúta, tẹ́ irin, da èédú síná, tí wọ́n sì ń se oúnjẹ fún ara wọn. Wọn kò sáré. Ọkọ̀ ti Realp dé Tiefenbach ní 1992, ó dé ibùdókọ̀ Furka ní 1993, kò dé Gletsch títí di 2000, ọdún mẹ́wàá mìíràn sì ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀nba kìlómítà tó kù sí Oberwald, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ní láti yí po nínú ihò kan tó gùn ní mítà 578 kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2010 ni gbogbo rẹ̀ pé.

Bóyá ìfowóṣòfò ni, ẹni tó ni owó ló lè sọ. Ohun tí àwa rí ni pé iṣẹ́ tó sú iléeṣẹ́ tó ń sanwó, ìyẹn kíká afárá àti kíkó òjò dídì, òun gan-an ni àwọn wọ̀nyí fi orúkọ sílẹ̀ láti wá ṣe. Òpó àti wáyà iná nìkan ni wọn kò gbé padà, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu: ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú kò bèèrè wáyà.

Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀, kí ni yóò rí? Ṣé yìnyín tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ ṣì wà?

Ó wà, ṣùgbọ́n ó ti sá sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1850, ẹsẹ̀ yìnyín Rhône fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ilé ìtura Gletsch wà. Lónìí, àpáta tí omi ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ ni ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí, yìnyín náà ti fà lọ sókè. Nítòsí Belvédère, lẹ́bàá títì, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi aṣọ funfun bo apá kan yìnyín náà nígbà ooru kó má baà tètè yọ́. Odò Rhône, tó ṣàn gba adágún Geneva kọjá títí dé Faransé, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ihò tuntun ti ṣí ní 1982, Glacier Express, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara yìnyín yìí, kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Inú òkùnkùn ni èrò rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ọkọ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nìkan ni ọkọ̀ ojú irin tó ṣì ń gbé ènìyàn gba ibẹ̀.

Ọkọ̀ olóoru omi máa ń lo ju wákàtí méjì lọ láti Realp sí Oberwald. Ó máa ń dúró ní ibùdókọ̀ Furka, tó ga ju mítà 2,100 lọ, kí ẹ́ńjìnnì lè mu omi, èrò sì lè sọ̀ kalẹ̀ ná ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lè bá inú ihò kọjá, kò ní gbà á ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó wo àkókò tí wọ́n ń rìn: láti òpin oṣù kẹfà sí nǹkan bí òpin oṣù kẹsàn-án ni, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó bá lọ nínú oṣù kẹrin, àwọn tó ń kó òjò dídì kúrò lójú irin ni yóò bá níbẹ̀, wọn ò sì ní kọ̀ bí ó bá fẹ́ gbé ṣọ́bìrì.